Wíwá Irinṣẹ́ Káfíńtà Àtijọ́ Lórí Pápá Kábúùtì

Àwọn oníṣẹ́ igi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ gidi ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ojúlówó pléènì, èyí tí ẹ kò ní tún ṣe rárá kí ó tó jẹ igi, owó tí wọ́n máa pè á ju 200 pọ́ùn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, pléènì tí wọ́n ṣe ní Sheffield ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn wà lórí tapólì nínú pápá, láàárín ìkòkò tó ti jó nídìí àti bàtà ọmọdé, ẹni tó ń tà á sì ń pè é ní 10 pọ́ùn. Àwọn méjèèjì ló máa fá igi. Ohun tó mú kí wọ́n yàtọ̀ ni ìpẹtà, àti ojú tí ẹni tó ń rà á fi wò ó.

Ibi tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní kábúùtì. Àgbẹ̀ á ṣí pápá rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá láti àsìkò Àjíǹde títí di oṣù kẹwàá tí òjò àti òtútù á lé gbogbo ayé wọlé. Ẹni tó bá ní ẹrù àlòkù á san owó díẹ̀, á wa mọ́tò rẹ̀ wọlé, á ṣí búùtì, á kó ọjà sílẹ̀. Kò sí ríṣíìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé mo fẹ́ dá a padà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn oníṣòwò irinṣẹ́ fi ń dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi ń ki orí bọ inú búùtì rẹ̀. Ìwà wọ̀bìà ni lójú tèmi. Ẹni tó dé ní aago mẹ́jọ náà ń rí nǹkan rà, nítorí ohun tí àwọn yẹn ń wá ni èyí tí wọ́n máa tún tà lówó gọbọi. Pléènì tí a ó kàn fi ṣiṣẹ́ kì í sábà wù wọ́n.

Kí ló dé tí irinṣẹ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ìlú Sheffield la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1740, ọkùnrin kan tó ń ṣe aago, Benjamin Huntsman, ń wá irin tí yóò fi ṣe sípíríǹgì aago tí kò ní máa já a kulẹ̀. Stíìlì ayé ìgbà náà kò dọ́gba nínú, ibì kan le, ibì kan rọ̀. Huntsman kó o sínú ìkòkò amọ̀, ó fi èédú tó gbóná janjan yọ́ ọ títí ó fi di omi, ó wá dà á. Èyí tó jáde dọ́gba látòkè délẹ̀. Láti ìgbà náà ni òkìkí abẹ Sheffield ti ń kàn kárí ayé, tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ sì ń tẹ ọ̀rọ̀ méjì, CAST STEEL, sára ṣísẹ́lì àti ayùn wọn. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ yẹn lára irin tó ti dúdú kọjá ààlà, ẹ má tíì gbé e jù sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó ti lé ní 100 ọdún, kó sì tún mú ju èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún yìí.

Ilé ìwé náà dá kún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin níṣẹ́ igi nílé ìwé nílẹ̀ náà, gbogbo bẹ́ǹṣì ló sì ní fáìsì àti pléènì tirẹ̀. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ yí padà láàárín ọdún 1980 sí 1999, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́rin tí ẹ máa ń rí tí wọ́n lù sí ẹ̀gbẹ́ pléènì, orúkọ ilé ìwé ló sábà máa ń jẹ́. Ìyókù wá láti gáréèjì. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ igi ti kú, ọmọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìyá sì fẹ́ kí mọ́tò ráyè wọlé.

Orúkọ tí ẹ ó máa bá pàdé jù lára pléènì onírin ni Stanley àti Record. Ará Amẹ́ríkà kan, Leonard Bailey, ló hùmọ̀ irú pléènì tí gbogbo wa mọ̀ yìí, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ idẹ kékeré lẹ́yìn abẹ, tí a fi ń sọ abẹ kalẹ̀ tàbí gbé e sókè láì fi hámà kàn án. Iléeṣẹ́ Stanley ní New Britain, ìpínlẹ̀ Connecticut, ra ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní 1869. Record ti Sheffield gbé tirẹ̀ jáde ní 1931, nígbà tó sì di ìparí àwọn ọdún 1930, Stanley fúnra rẹ̀ ti ń ṣe pléènì ní Sheffield. Wọ́n jọra débi pé abẹ ọ̀kan sábà máa ń wọ inú èkejì.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, ó sì sábà máa ń wà lára irin náà fúnra rẹ̀. No. 4 ni a fi ń pa ojú igi mọ́ níkẹyìn. No. 5 gùn tó 14 ínṣì, òun ni àwọn ọ̀gá wa nílé ń pè ní jákì pléènì. No. 7 gùn tó 22 ínṣì, ti etí pákó gígùn ni, kí pákó méjì lè pàdé láì sí àlàfo. Ẹni tó bá ń ra ẹyọ kan péré, No. 5 ni kó wá. Ó wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò ga, kò sì síṣẹ́ tí kò lè gbìyànjú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní No. 1 kò ju ínṣì márùn-ún ààbọ̀ lọ, owó ńlá ni àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń dá lé e, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sì ti ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ kan èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike, nítorí ìgbà tí iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó èèkù kù, irin ni wọ́n tún ń dín owó rẹ̀ kù lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé e sọ́wọ́. No. 5 méjì ni mo gbé wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ yìí. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò oko. Wọ́n ti fọ èkejì, wọ́n kùn ún, ó ń dán yanranyanran. Mo ti tú abẹ àti irin inú àwọn méjèèjì kúrò. Ẹ fetí sílẹ̀.

(Atọ́kùn ètò fi kọ́kọ́rọ́ lu ẹ̀gbẹ́ pléènì dúdú: ó dún gooro. Ó lu èyí tó ń dán: ó dún kó, ohùn rẹ̀ kò sì lọ síbì kan.)

Ẹ gbọ́ ọ. Èyí tó ń dán ti sán. Irin dídà ni ara pléènì, irin dídà kì í sì í tẹ̀, sísán ló ń sán. Bó bá já bọ́ láti orí bẹ́ǹṣì sórí kọnkéré, etí ẹnu rẹ̀, níbi tí abẹ ti ń yọ jáde, ni ó ti máa ń là, nítorí ibẹ̀ ni irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Ẹ dojú rẹ̀ sókè, kí ẹ fi èékánná fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu náà. Èékánná á kọ́ ibi tí ojú kò rí. Ẹni tó bá kun irinṣẹ́ àlòkù kí ó tó gbé e wá sọ́jà, ẹ bi í léèrè ohun tó ń bò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ rúlà irin kékeré kan lápò, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹsẹ̀ pléènì náà lóròó, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ díẹ̀ láàárín, pépà oníyanrìn lórí gíláàsì á tún un ṣe. Bó bá jẹ́ iwájú ẹnu gan-an ló jìn kòtò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ ka skúrù rẹ̀ pé. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ káfíńtà kì í kọbi ara sí èyí, bẹ́ẹ̀ skúrù Stanley kò bá ti ṣọ́ọ̀bù onírin mu, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbẹ́ ẹ yàtọ̀. Skúrù kan ṣoṣo tó sọnù lè jẹ́ kí ẹ tún ra odindi pléènì mìíràn nítorí rẹ̀. Bí èèkù bá ṣẹ́ ńkọ́? Káfíńtà ni yín. Abẹ tó ti kúrú ńkọ́? Wọ́n ṣì ń ta tuntun. Gbogbo èyí yẹ kí ó dín owó ọjà kù fún yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ẹ ti rí i.

Ti ṣísẹ́lì yàtọ̀ díẹ̀. Ojú méjì ló ní: ojú tí a ń pọ́n, àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ojú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ibi tí abẹ ti ń mú ni ojú méjèèjì ti pàdé, nítorí náà, bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níhò níhò títí dé etí, bí ẹ pọ́n ọn dé ọ̀la, etí rẹ̀ á máa rí bí eyín ayùn. Àwọ̀ ìpẹtà pupa lásán kò ní nǹkan kan ṣe, ọwọ́ lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nù ún. Ihò ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ tún ṣọ́ àwọ̀ búlúù nítòsí ẹnu rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti fi ẹ̀rọ ìlọrin sun ún, ibi tó sun yẹn ti rọ̀, kò ní gba mímú mọ́ àfi kí a lọ ọ́ kọjá ibẹ̀. Èèkù tó fọ́ kò jẹ́ nǹkankan. William Marples, tí àmì ewé shamrock wà lára irin rẹ̀, Ward & Payne, àti Sorby, orúkọ Sheffield ni gbogbo wọn, mi ò sì ní ronú kí n tó san owó lé èyíkéyìí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá mọ́.

Ó ku ayùn. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sẹ́bàá ojú bí ẹni fẹ́ yìnbọn, kí ẹ wo ìlà eyín rẹ̀ láti ìdí dé orí. Bó bá tẹ̀ díẹ̀, tí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà tó bá yín lọ, ó ṣì dára. Bó bá ti ká kò lójú kan tí kò fẹ́ tú, ayùn náà ti lọ nìyẹn. Ẹ wo ẹnu eyín dáadáa. Bí orí eyín kọ̀ọ̀kan bá dúdú tàbí ṣe búlúù, tí ara ayùn sì funfun, ayùn òde òní ni: wọ́n ti fi iná sé eyín rẹ̀ le débi pé fáìlì ò lè jẹ ẹ́, bó bá kú, ó kú náà nìyẹn. Ti àtijọ́ ni à ń wá, èyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi fáìlì onígun mẹ́ta pọ́n títí ọjọ́ ayé. Henry Disston, tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1819, tó dá iléeṣẹ́ ayùn sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1840, ni òkìkí rẹ̀ ga jù. Ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ lára owó idẹ roboto tó wà láàárín èèkù. Bó bá jẹ́ WARRANTED SUPERIOR nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sọ ẹni tó ṣe é fún yín, iléeṣẹ́ tó lo ọ̀rọ̀ yẹn kò lóǹkà. Ẹ wo ayùn fúnra rẹ̀.

Kí pléènì onírin tó gbòde, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ wọn, wọ́n sì pọ̀ lórí pápá títí dòní. Àwọn kan tiẹ̀ ń rà wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ọtí, èyí tó máa ń dùn mí. Ẹ yẹra fún èyí tí kòkòrò ti lu, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là lọ́dọ̀ wẹ́ẹ̀jì. Iwájú rẹ̀, níbi tí igi ti parí, ni ìtàn wà. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ máa ń wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó lò ó á sì tẹ̀ lé e, nítorí nínú ṣọ́ọ̀bù tí ogún káfíńtà jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá tẹ orúkọ sí tirẹ̀ á wá a tì. Mo ti rí èyí tó ní orúkọ ẹni mẹ́ta, tí ẹni tó kẹ́yìn gbìyànjú láti fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ pa ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́.

Nínú gbogbo òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ igi mọ̀. Ní abúlé Wrentham, ní Massachusetts, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Francis Nicholson, òun sì ni agbẹ́pléènì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà. Ó ní ẹrú aláwọ̀ dúdú kan tó ń bá a ṣiṣẹ́, Cesar Chelor. Nígbà tí Nicholson kú ní 1753, ìwé ìpíngún rẹ̀ sọ Chelor di òmìnira, ó fi irinṣẹ́, igi àti ilẹ̀ sílẹ̀ fún un. Chelor kò ṣí kúrò. Ó ń gbẹ́ pléènì lọ ní Wrentham títí ó fi kú ní 1784. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe máa ń tẹ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ń gbé sí iwájú pléènì, bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe tẹ tirẹ̀: CE. CHELOR LIVING IN WRENTHAM. Owó ribiribi ni àwọn tó mọyì rẹ̀ ń san lé e lónìí. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Boston àti agbègbè rẹ̀, tí ẹ ń lọ sí ọjà ńlá Brimfield, ẹ máa yí iwájú pléènì onígi wò kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bí irinṣẹ́ ayé ìgbà náà ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun, kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Guildhall Museum ní Rochester, ní Kent. Àpótí irinṣẹ́ Benjamin Seaton wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ra irinṣẹ́ náà fún un ní 1796, òun fúnra rẹ̀ kan àpótí sí wọn lọ́dún kejì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lò wọ́n. Ní Sheffield, àwọn irinṣẹ́ tí Ken Hawley kó jọ wà ní Kelham Island. Ọjọ́ kan níbẹ̀ á la ojú yín ju ọ̀pọ̀ kábúùtì lọ.

Owó wá ńkọ́? Òyìnbó ń ná ọjà o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àmọ́ bí ẹni tó ń tà á bá pè é ní 10 pọ́ùn, tí ẹ wá dá 2 pọ́ùn bí ẹni wà ní Ọjà Ọba, ó lè máà dá yín lóhùn mọ́. Ẹ pe 7. Ohun tó sì dára jù ni kí ẹ kó mẹ́ta mẹ́rin jọ, kí ẹ béèrè pé èló ni gbogbo rẹ̀ jálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí. Bí ẹni tó ń tà kò bá mọ iye tí ọjà rẹ̀ tó ńkọ́? Lórí pléènì No. 4 tó wọ́pọ̀, ẹ san ohun tó pè, kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá arúgbó kan jókòó, ó ń ta ẹrù ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ẹ wá rí pléènì Norris ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Spiers ti ìlú Ayr nílẹ̀ Scotland nínú páálí, irin tó wúwo, tí wọ́n fi igi olówó iyebíye dí inú rẹ̀, tí màmá ń pè é ní 5 pọ́ùn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́ùn ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní gbàǹjo. Èrò tèmi ni pé kí ẹ sọ fún màmá náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ò gbà, wọ́n ní ọjà lọjà ń jẹ́. Mo ti rí oníṣòwò tó san 5 pọ́ùn náà, tó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lọ. Mi ò tíì bá a ra nǹkan láti ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá gbé irinṣẹ́ náà délé, fínígà lásán lè bọ́ ìpẹtà ara rẹ̀. Ẹ ri irin náà sínú fínígà mọ́jú, láì fi èèkù onígi kún un, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kí ẹ fi omi sódà ṣan án kí kíkan rẹ̀ lè kúrò, kí ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi òróró pa á. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ sínú ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí bó bá jẹ ìpẹtà tán, irin ló kàn. Àwọn kan ń fi iná bátìrì mọ́tò àti sódà ìfọṣọ ṣe é nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike. Ó dára, àmọ́ ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná àti sìgá jìnnà síbẹ̀, kí ẹ má sì lo irin tí kì í dípẹtà gẹ́gẹ́ bí irin kejì tí iná náà ń gbà kọjá, omi rẹ̀ á di májèlé. Bí ẹ bá ń ha ọ̀dà àtijọ́, ẹ bo imú, òjé lè wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí irinṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ lè fún Tools for Self Reliance, ẹgbẹ́ kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń tún irinṣẹ́ àlòkù ṣe ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Áfíríkà láti nǹkan bí 1980. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, gbogbo ohun tí mo sọ nípa èékánná, rúlà àti ẹ̀yìn ṣísẹ́lì ló wúlò ní ọjà Owódé Onírin ní Èkó pẹ̀lú, àti níbikíbi tí wọ́n bá ti ń já irin tòkunbọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e wálé fúnra yín nínú bàlúù, inú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ni kí ó wà, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ mú abẹ wọlé lọ́wọ́. Ẹ tú abẹ kúrò, ẹ fi gíríìsì pa á, ẹ fi aṣọ wé e. Ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jáde nílé: No. 5 kan lé ní kílò méjì, No. 7 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin.